Kí Ẹ Tó San Owó "Tírénì Nọ́ọ̀sì" fún Ọmọ Yín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà lọ́dún tó kọjá. Ó ní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ méjì mìíràn, ṣùgbọ́n kò rí Físíìsì àti Kẹ́mísírì mú. Dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn aládàáni ládùúgbò wa ní òun máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Oṣù méjìdínlógún ni, ₦150,000 ni owó rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní sáfíkéètì tó bá parí. Wọ́n ní tó bá yá, àwọn á bá a ṣe láísẹ́ǹsì. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kí n gbà, pé bí ọmọ bá ti ní sáfíkéètì lọ́wọ́, ọ̀nà ti là fún un láti wá bá òun. Ṣé kí n san owó náà? Èmi ìyá kan tó ń ta aṣọ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun."

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ bèèrè kí ẹ tó tú owó sílẹ̀. Ẹ má san án. Oṣù méjìdínlógún yẹn kò lè sọ ọmọ yín di nọ́ọ̀sì, kò sì sí dókítà tàbí ilé ìwòsàn kankan ní Nàìjíríà tó lè "bá a ṣe" láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì. Ibì kan ṣoṣo ni láísẹ́ǹsì náà ti ń jáde, ìyẹn Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Council lásán ni àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é níhìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì mọ àwọn ọmọ tó gba ọ̀nà tí wọ́n ń fi han ọmọ yín yìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú sáfíkéètì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn mọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó kù kí àwọn tó gba láísẹ́ǹsì. Gbogbo rẹ̀ ló kù. Láti orí WAEC ni wọ́n á ti tún bẹ̀rẹ̀. Owó tí òbí san ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń dun àwọn ọmọ náà jù ni ọdún tó ti lọ, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó sílé tún ìdánwò ṣe ti wà ní ọdún kẹta lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń kọ́ tán kó tó wá lọ forúkọ sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ dé Council. Indexing là ń pè é. Bí ọmọ bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Council fọwọ́ sí, ilé-ẹ̀kọ́ náà á fi orúkọ rẹ̀ àti èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ránṣẹ́. Council á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé ojú òṣùwọ̀n, á sì fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni yóò fi wọlé ìdánwò àṣejáde lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí kò bá ní index kò lè jókòó ṣe ìdánwò, ì báà jẹ́ pé ogún ọdún ló ti fi ń gún abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ bi dókítà yẹn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa index ọmọ mi ní Council?" Bó bá jẹ́ olóòótọ́, á sọ pé rárá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gígùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín náà nìyẹn.

Àní ní ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ojúlówó pàápàá, ẹ ṣì ní láti bèèrè. Council máa ń lọ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Ó ń wo àwọn olùkọ́, yàrá tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́, ilé ìkàwé, àti ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ yóò ti máa ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ló ń sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà lọ́dún. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ọgọ́rùn-ún ọmọ níbi tí Council ti ní kó gba àádọ́ta, àádọ́ta ló máa rí index. Àwọn yòókù á máa wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á máa san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọn ò sì ní sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni. Ìfọwọ́sí náà tún ní ọjọ́ tó ń parí, a sì lè gbà á lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá jó rẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì wọn ni pé: ṣé ìfọwọ́sí Council yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ọmọ mélòó ni wọ́n ní kí ẹ gbà lọ́dún yìí, mélòó ni ẹ ti gbà? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti bèèrè. Ọjà aṣọ tí ẹ ń tà, ẹ kì í san owó rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rò ó pé ìwé ìjọba ló pọ̀ jù nínú gbogbo èyí, pé ṣebí abẹ́rẹ́ náà ni gbogbo wọn ń gún. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ wọ́ọ̀dù aláboyún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé obìnrin kan dé, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an, gìrì sì ti mú un lójú ọ̀nà. Magnesium sulphate ni oògùn tí a fi ń gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ là. Wọ́n á fún un ní ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì tún máa fún un ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí agbẹ̀bí tó gún èyí tó kàn, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wò. Á jókòó tì í, á ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ dín ní 16. Á fi òòlù rọ́bà kékeré kan lu ìsàlẹ̀ eékún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ta sókè. Á wo àpò tí ìtọ̀ ń dà sí. Ó kéré tán, mílílítà 30 gbọ́dọ̀ máa wọ inú rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan péré bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò gbọ́dọ̀ gún un, torí oògùn tó dá gìrì dúró yẹn lè dá èémí náà dúró. Calcium gluconate gbọ́dọ̀ wà nítòsí pẹ̀lú, torí òun la fi ń pa agbára magnesium bó bá ti pọ̀ jù lára.

Ọmọ tí wọ́n fi oṣù méjìdínlógún kọ́ ní abẹ́rẹ́ gígún lè gún un dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ ju ọwọ́ tèmi lọ. Ìgbà tí kò yẹ kó gún un ni kò mọ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, òun ni wọn yóò na ìka sí. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbikíbi, kò sí Council tó máa gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin sì ni kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ máa pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tàbí kó máa ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ auxiliary yìí, ìyẹn àwọn tí ilé ìwòsàn kọ́ fúnra rẹ̀ tí wọn kò ní láísẹ́ǹsì. Ilé ìwòsàn ló ń gbà wọ́n torí owó wọn kéré gan-an sí ti nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì, wọ́n á tún gba owó lọ́wọ́ òbí wọn lórí rẹ̀, wọ́n á fi ọmọ ogún ọdún sílẹ̀ ní òru òun nìkan pẹ̀lú aláìsàn mẹ́wàá, bí ẹ̀mí bá sì bọ́, ọmọ náà ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀.

Òfin tó wà lórí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun àná. New Zealand ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe òfin jákèjádò ilẹ̀ rẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì forúkọ sílẹ̀, ní 1901; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1919. Ní ti Nàìjíríà, 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń fi orúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kalẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí ní ìgbìmọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ nígbà yẹn, àfìgbà tí òfin 1979 so méjèèjì pọ̀ di Council tí a ní lónìí. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó fi iṣẹ́ náà múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Olóyè Kofoworola Abeni Pratt kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní London, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wá sílé, ó sì di mátírọ́nì ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn ní 1964. Lẹ́yìn náà ló di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, torí àwọn kan ń rò pé ẹni tí kò rí dókítà ṣe ló ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀nà tó tọ́ fún ọmọ yín, torí kò jìnnà bí ẹ ṣe rò. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni Council fẹ́ rí krẹ́díìtì nínú wọn: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń gba èsì méjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ní èsì ẹyọ kan ni àwọn fẹ́. WAEC ti àwọn tó ń jókòó fúnra wọn, tí gbogbo wa ń pè ní GCE, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, NECO náà ní tirẹ̀. Kó gbájú mọ́ Físíìsì àti Kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n tí agbára bá wà, kó tún Báyọ́lọ́jì ṣe pẹ̀lú wọn, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lórí ìwé kan náà. Bó bá dọ̀rọ̀ JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni kó mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, oríṣi ọ̀nà méjì ló wà. Ti yunifásítì jẹ́ ọdún márùn-ún, òun ni wọ́n ń pè ní BNSc. UI ti ń fúnni ní oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti 1965, OAU tó wà ní Ifẹ̀ nítòsí yín náà ní tirẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí School of Nursing tẹ́lẹ̀ sì ti ń di College of Nursing Sciences, wọ́n sì ti ń kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta àtijọ́ bọ́ sí ND àti HND, tó jẹ́ ọdún mẹ́rin lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi mí pé èwo ló dára jù. Lójú Council, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: Registered Nurse, RN. Ẹni tó bá jáde yunifásítì á tún ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn kó tó lọ sìnrú ìlú. Bí owó yín bá gba ti yunifásítì, mo fara mọ́ ọn, torí kò ní padà wá wá dìgírì lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá gbà á, College kò bu ẹnikẹ́ni kù. Àwọn tí ọwọ́ wọn yá jù ní wọ́ọ̀dù tí mo mọ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ wọn ti wá.

Bí ó bá yege ìdánwò Council, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó máa jẹ́ tirẹ̀ títí láé, àti láísẹ́ǹsì. Nọ́ńbà kì í yí padà; láísẹ́ǹsì ní ọjọ́ tó ń parí. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kò sì ní rí i tún ṣe bí kò bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún tí Council fi dandan lé, èyí tí a ń pè ní MCPDP. Àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń kùn sí i pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo gbọ́ ìkùnsínú wọn, àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò ju oúnjẹ àti orin lọ, ó sì yẹ kí Council máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní 1995 tí kò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà yẹn, ṣé ẹ máa fẹ́ kó gbẹ̀bí ọmọ yín?

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìdánwò tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé, RM. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀ka tó kù: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti àwọn aláìsàn ọpọlọ á lọ síbi bíi Aro ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá fẹ́ ti eegun á lọ síbi bíi Igbóbì ní Èkó, wọ́n á sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá hùwà tí kò tọ́, Council ní ìgbìmọ̀ olùwádìí, ó sì ní Tribunal tó ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ pátápátá. Àwọn aráàlú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn náà lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́. Orí ìkànnì ayélujára ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n á ti bú gbogbo nọ́ọ̀sì pọ̀, tí ẹni tó ṣẹ̀ gan-an á sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ àbúrò yín ní Manchester. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Nursing and Midwifery Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NMC, kò ní wo sáfíkéètì ilé ìwòsàn àdúgbò. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Council tiwa pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nílé. Lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, IELTS tàbí OET, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT, àti OSCE, tó jẹ́ ti ọwọ́ ṣíṣe, tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Bó bá wọlé tán, wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta: ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 450, kó sì ti gba ẹ̀kọ́ àfikún fún wákàtí 35. Ẹnikẹ́ni ló sì lè tẹ orúkọ nọ́ọ̀sì sí orí ojú-òpó wọn kó rí i bóyá ó ṣì wà nínú ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, NCLEX ni ìdánwò wọn, àwọn náà á sì kọ̀wé sí Àbújá kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Bóyá iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni àbúrò yín ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní care worker. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ti ilẹ̀kùn físà rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ tuntun láti òkè òkun ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025. Ẹni tó bá ṣì ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn, ẹ sá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé NHS rán àwọn wá kó nọ́ọ̀sì. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ sílẹ̀ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera kò tó níbẹ̀, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ wá kó wọn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé wáṣẹ́. Aṣojú kò gbọ́dọ̀ wá polówó rẹ̀ fún un. Nínú ọdún yẹn kan náà, wọ́n rí i pé èsì CBT tó ti ibùdó ìdánwò kan n'Ìbàdàn wá kò mọ́. NMC fagi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ wà nínú wọn, àwọn náà jìyà ohun tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nílé níhìn-ín náà, ọ̀nà àtijáde ti le sí i. Ní oṣù Kejì 2024, Council gbé ìlànà tuntun jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì kó tó lè ní kí Council fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, pé kó mú lẹ́tà ìwà rere wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwòsàn rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti pé ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni fífi ẹ̀rí náà ránṣẹ́ yóò gbà. Inú àwọn nọ́ọ̀sì ru. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n jáde ní Àbújá àti Èkó pẹ̀lú pákó ìkéde lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ọdún méjì kò burú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílò wọ́ọ̀dù tó ń dí àti àgbà tó máa dúró tì í. Lẹ́tà láti ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn ni mi ò fara mọ́. Ó fún agbanisíṣẹ́ tí kò san owó oṣù déédéé lágbára láti de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀, kó ní "bí o bá lọ, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ." Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú sì ti pọ̀ jù fún ìwé tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá di ìgbà tí ọmọ yín máa lọ, kó ka ohun tí Council fúnra rẹ̀ bá gbé jáde nígbà náà, kó má gba ti ẹnu aṣojú.

Ẹ má rò pé mò ń fi òfin dẹ́rù bà yín kí n sì fi ìyà iṣẹ́ náà pamọ́. Ìwé tó péye kò tíì di oúnjẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje káàkiri ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì dá a dúró ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí ìjọba bá wọn ṣe àdéhùn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè jẹ́ ohun tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀: owó iṣẹ́ òru tó nítumọ̀, owó yunifọ́ọ̀mù tó lè ra yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ̀ka tiwọn sì wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera. Iye àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé NMC nìkan ti lé ní 10,000 ní 2023. Aláìsàn tí wọ́n fi sílẹ̀ kò dín kù, torí náà ẹni kan ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta.

Ewu tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé aláìsàn tó mú àrùn náà wọ ìlú lọ ni. Ó tọ́jú rẹ̀, ó kó àrùn náà, ó sì kú. Gbogbo wa rántí Dókítà Adadevoh, tí àrùn náà pa pẹ̀lú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a máa dárúkọ Justina pẹ̀lú. Bí abẹ́rẹ́ tí a fi gún aláìsàn bá ṣèèṣì gún nọ́ọ̀sì, wákàtí 72 ló ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV, bó bá sì yá jù bẹ́ẹ̀ ló dára jù. Nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, á sì bèèrè oògùn náà. Auxiliary tí kò sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni á fọ ọwọ́, á dákẹ́, torí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lé e.

Ọ̀nà kan tún wà tí ti nọ́ọ̀sì bá kọ̀ láti bọ́ sí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a mọ̀ sí CHEW, ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, Community Health Practitioners Registration Board of Nigeria. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní Iléṣà, nínú ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pe ara wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ní orúkọ ni, tó ní òfin, tó sì ní ìgbéga. Tó bá jẹ́ pé bíbójútó aláìsàn ni ọmọ náà fẹ́ ní tòótọ́, mo fẹ́ kó ṣe CHEW tó forúkọ sílẹ̀ ju kó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò sí nínú ìwé.

₦150,000 yẹn, ẹ fi san owó GCE àti JAMB, kí ẹ sì wá olùkọ́ tó mọ Físíìsì àti Kẹ́mísírì fún un. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kó wà nílẹ̀ de fọ́ọ̀mù College. Bí dókítà àdúgbò yín bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní àsìkò yìí, tó sì ń san owó fún un dípò kó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò burú: ó lè máa tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, kó máa mú káàdì, kó máa darí àwọn èèyàn. Abẹ́rẹ́, omi tí a ń fà sára, oògùn pípín, àti ìgbẹ̀bí, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣe é lóru torí kò sí ẹlòmíràn, kó pè yín, kí ẹ lọ mú un wálé. Bí èsì GCE bá jáde, ẹ tún kọ̀wé sí mi, ká jọ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ìfọwọ́sí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ tó lè gbà á.